Àrẹ̀mọ Kì í Ṣe Ajogún: Ayẹyẹ Oyè Ọmọ Aláàfin Nínú Ìwé Samuel Johnson

Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson parí ní ọdún 1897, tí Obadiah àbúrò rẹ̀ ṣètò fún títẹ̀, tí ó sì jáde ní ọdún 1921, ajogún ìtẹ́ ni ó túmọ̀ Àrẹ̀mọ sí. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ti ń lo ìtumọ̀ yìí bọ̀ láti ìgbà náà. Ṣùgbọ́n àlàyé tí Johnson fúnra rẹ̀ ṣe nípa ayẹyẹ oyè náà kò gbe ìtumọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn.

Johnson sọ pé fífi Àrẹ̀mọ jẹ oyè ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí Aláàfin tuntun ń ṣe lẹ́yìn ìwúyè. Ìsọmọlórúkọ ni wọ́n ń pe ayẹyẹ náà, bí ẹni pé ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ ni ọkùnrin tó ti hu irùngbọ̀n. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pè é ní "Ọmọ", láìfi nǹkan mìíràn kún un. (Pé a ń pe àkọ́bí ọkùnrin ilé èyíkéyìí ní àrẹ̀mọ lóde òní wà lára ohun tó ń da ọ̀rọ̀ rú.) Ní àkókò kan náà, wọn a fi àgbà nínú àwọn ọmọbìnrin ọba jẹ oyè tirẹ̀ ní ọ̀nà kan náà, bẹ́ẹ̀ òun kò ní gorí ìtẹ́. Bí ọba kò bá sì tíì bí ọmọkùnrin, tàbí tí ọmọ náà ṣì kéré, àbúrò rẹ̀ tàbí ìbátan mìíràn ni yóò di oyè náà mú. Ayẹyẹ tó lè sọ àbúrò di ọmọ, tó sì kan obìnrin bákan náà, ṣòro láti pè ní ayẹyẹ ogún. Ṣe ni ó ń so ènìyàn mọ́ ọba bí ọmọ ti so mọ́ bàbá.

Ìdè náà le. Gẹ́gẹ́ bí Johnson ti wí, láyé àtijọ́ Àrẹ̀mọ a máa rọ́pò bàbá rẹ̀, nítorí náà a lè gbà pé ìtumọ̀ náà bá ìgbà yẹn mu. Nígbà tí a wá fura pé àwọn kan ń kánjú, tí wọ́n ń gé ẹ̀mí bàbá wọn kúrú, òfin dé: ẹni tó bá bàbá rẹ̀ jọba gbọ́dọ̀ bá a kú. Johnson rí i pé òfin náà dá pípa bàbá dúró. Kò bi ara rẹ̀ léèrè irú ajogún tí ọjọ́ ogún rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ ikú rẹ̀.

Ní ọdún 1858 ni Àtìbà pa òfin náà rẹ́ nítorí Adélù. Àtìbà wàjà ní 1859. Kúrunmí ti Ìjàyè kọ̀ láti gba Adélù, Ìbàdàn dúró tì í, ogun bẹ́, Ìjàyè sì fọ́ ní 1862. Àwọn tó ń wo ogun yìí bí ìjà agbára láàrin ìlú méjì kò ṣì í, agbára wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá ka àtakò Kúrunmí sí àwáwí lásán, a ti gbàgbé ohun tí ìsọmọlórúkọ yẹn ti wí tẹ́lẹ̀ nípa ẹni tí a sọ lórúkọ.

Lẹ́yìn àtúnṣe Àtìbà pàápàá, Ọ̀yọ́ Mèsì ló ṣì ń yan ọba. Àrẹ̀mọ tí wọ́n bá kọ̀, Johnson ní, yóò fi ìlú sílẹ̀ lọ máa gbé ní ìgbèríko, torí pé ọba tuntun ní Ọmọ tirẹ̀ láti sọ lórúkọ.