Oúnjẹ Òòjọ́ ní Kúdẹtì: Àyẹ̀wò Ìwé Ìrántí Anna Hinderer

Nínú àwọn ìwé tí àwọn òyìnbó ajíhìnrere fi sílẹ̀ nípa ilẹ̀ wa, díẹ̀ ni a ń mẹ́nu kàn lórí àga ìwàásù tó èyí tí a tẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1872, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Seventeen Years in the Yoruba Country. Kì í ṣe Anna Hinderer fúnra rẹ̀ ni ó to ìwé náà. Ó ti sùn nínú Olúwa ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù Júnì ọdún 1870. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni ó ṣa lẹ́tà àti àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ rẹ̀ jọ, tí Áṣídíákónì Hone ti Worcester sì kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú sí i. Kí olùkà fi èyí sọ́kàn. Ẹni tí ń ṣa lẹ́tà ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ó ti kú jọ kò ní ṣàì fẹ́ràn èyí tí ó bá ìwàásù mu ju èyí tí kò bá a mu lọ.

Ibi tí àwa oníwàásù yàn láàyò nínú rẹ̀ ni àwọn ọdún tí ogun Ìjàyè há tọkọtaya náà mọ́ Ìbàdàn. Ìtàn ogun náà kò ṣàjèjì sí ẹ̀yin olùkà wa. Ní 1859 Aláàfin Àtìbà wàjà, a sì fi Adélù, Àrẹ̀mọ rẹ̀, jọba. Kúrunmí ti Ìjàyè kò gbà pé ó tọ́ kí Àrẹ̀mọ jọba lẹ́yìn bàbá rẹ̀ dípò kí ó bá a kú gẹ́gẹ́ bí ti àtijọ́, ó sì kọ̀ láti mọ̀ ọ́n ní ọba. Ní 1860 Ìbàdàn gbé ogun tì í, Ìbíkúnlé Balógun ni ó ṣíwájú. Àwọn Ẹ̀gbá gbè sẹ́yìn Ìjàyè. Àwọn Ìjẹ̀bú sé ọ̀nà tiwọn. Báyìí ni gbogbo ọ̀nà tí ó ti etíkun wọ Ìbàdàn ṣe dí. David Hinderer, ọmọ ilẹ̀ Jámánì tí Ẹgbẹ́ C.M.S. rán, àti aya rẹ̀, tí wọ́n ti dé Ìbàdàn láti 1853, kò rí owó gbà mọ́, ẹrù kò dé, lẹ́tà pàápàá kò fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí títí di oṣù Ápírì 1865, nígbà tí Gómìnà Glover rán Ọ̀gágun Maxwell láti Èkó kí ó la igbó Ìjẹ̀bú já lọ mú wọn jáde, tí a sì gbé Anna Hinderer, tí àìsàn ti mú, dé Èkó.

Owó ẹyọ ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà dá lé. Oúnjẹ kò tán ní ọjà Ìbàdàn, nítorí ọ̀nà oko kò dí, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà apá Ọ̀ṣun. Ohun tí kò sí lọ́wọ́ wọn ni owó tí wọn ó fi rà á, nítorí etíkun ni owó àti ẹrù òyìnbó ti ń wá. Nítorí náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ta ohun tí ó wà nílé. Nínú lẹ́tà kan obìnrin yìí ròyìn pé àwọn ti ta aṣọ ìtẹ́bùsùn kan àti ọ̀pá aṣọ díẹ̀ tí a ti gbójú fò tẹ́lẹ̀, tí wọ́n fi lè máa ra ẹran ọgọ́rùn-ún owó ẹyọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Kí àwọn ọ̀dọ́ tí kò mọ ìṣirò àtijọ́ gbọ́: 20,000 owó ẹyọ ni ọ̀kẹ́ kan, ọgọ́rùn-ún kò ju ìdá kan nínú igba ọ̀kẹ́ lọ. Ẹ̀wà ni wọ́n ń jẹ lọ́pọ̀ ìgbà. Nígbà tí Ìjàyè sì fọ́ ní oṣù Máàṣì 1862, a mú Edward Roper, ajíhìnrere tí ó wà níbẹ̀, ní ìgbèkùn wá sí Ìbàdàn. Nínú ilé yìí kan náà ni òun pẹ̀lú ti jẹun ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé e.

Ní ojú tiwa, ibí yìí ni ìwé náà ti níye lórí jù. Obìnrin náà kì í wàásù níbẹ̀. Ṣe ni ó ń ka owó. Kò sọ pé ebi kò pa òun. Kò sọ pé ìgbàgbọ́ ni òun fi yó. Ó fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀ nítorí ẹran tí ó ti di ohun ọdún fún wọn, ó sì lọ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ̀pọ̀ ẹ̀rí tí a ń jẹ́ nínú ìjọ lóde òní, níbi tí a kì í rántí ìpèsè Ọlọ́run àfi bí ilé tàbí ọkọ̀ bá dé, yóò rí i bí èyí ti sún mọ́ àdúrà Olúwa tó. Ọ̀rọ̀ tí àwọn atúmọ̀ Bíbélì wa lò níbẹ̀ ni òòjọ́. Wọn kò kọ oṣù, wọn kò kọ ọdún. A kò mọ ìwé mìíràn nípa ilẹ̀ Yorùbá ìgbà náà tí ó fi ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn hàn bí èyí, bẹ́ẹ̀ ni kò sì dà bí ẹni pé ó gbìyànjú láti fi í hàn.

Ṣùgbọ́n a ní ẹjọ́ méjì í bá a rò, èkíní kéré sí èkejì.

Èkíní ni ti ọwọ́ tí oúnjẹ gbà dé. Ẹnì kan ra aṣọ ìtẹ́bùsùn náà. Ẹnì kan ta ẹ̀wà. Àwọn ará ìlú, onígbàgbọ́ àti ẹni tí kì í ṣe onígbàgbọ́, ṣe wọ́n lóore. Ìwé náà kò sẹ́ èyí, ó tilẹ̀ ń dúpẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn olóore wọ̀nyí ń wọlé wọ́n sì ń jáde bí òjìji. Nígbà tí a bá wá gbé e dé orí àga ìwàásù, òjìji náà pàápàá a parẹ́, a ó sì ní Ọlọ́run bọ́ Hinderer bí Ó ti fi ẹyẹ ìwò bọ́ Èlíjà ní odò Kérítì. Àwa oníwàásù fẹ́ràn odò yẹn púpọ̀, a kì í sì í yára kúrò níbẹ̀. Odò náà gbẹ. Sáréfátì ni a rán wòlíì náà sí lẹ́yìn rẹ̀, sí ọ̀dọ̀ opó. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ sọ fún wa pé Bíbélì kò dárúkọ opó náà, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí a rí ìkòkò ìyẹ̀fun rẹ̀ àti igi tí ó ń ṣà, ó jẹ́ kí a mọ̀ pé ọmọ rẹ̀ kú, pé ó sì bá wòlíì náà wí lójúkojú. Ìdánwò ìgbàgbọ́ tirẹ̀ le ju ti àlejò rẹ̀ lọ. Opó Sáréfátì ti Ìbàdàn kò rí orí kan gbà nínú ìwé yìí.

Èkejì ni ti Ìjàyè. Ebi Kúdẹtì, bí ó ti le tó, ebi ẹni tí ó wà nínú ìlú tí ń ṣẹ́gun ni. Ìyàn gidi wà lẹ́yìn odi Ìjàyè, níbi tí àwọn òbí ti fi ọmọ wọn sọfà tàbí tà wọ́n kí wọ́n lè rí jẹ. Onígbàgbọ́ wà ní Ìjàyè pẹ̀lú. Àwọn náà gba àdúrà kan náà ní èdè kan náà. Olùkà tí ó bá fara balẹ̀ yóò bi ara rẹ̀ léèrè pé, bí oúnjẹ tí ó dé Kúdẹtì bá jẹ́ èrè ìgbẹ́kẹ̀lé, kí ni a ó wí ní ti àwọn tí tiwọn kò dé? Àwọn tí ó to ìwé náà kò bi í. Anna Hinderer kò dà bí ẹni tí kò ronú kàn án, nítorí ó gba àwọn ọmọ tí a kó lẹ́rú sínú ilé tí owó ẹ̀wà kò ti tó, kò sì ka oúnjẹ ara rẹ̀ sí àmì pé òun sàn ju ẹlòmíràn lọ. Ṣùgbọ́n ìtò ìwé náà, tí ń ti inú ìdààmú bọ́ sínú ìdáǹdè, ń ti olùkà síhà ibẹ̀. Ìmọ̀ràn wa fún àwọn olùkọ́ ni pé kí wọ́n má ṣe fi í lé ọmọ ilé-ìwé lọ́wọ́ ní òun nìkan. Kí wọ́n gbé ìtàn Ìjàyè nínú ìwé Samuel Johnson tì í, èyí tí a tẹ̀ ní 1921. Johnson kò tíì pé ọmọ ogún ọdún nígbà ogun náà. Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ Hinderer ni bàbá rẹ̀, ó sì mọ ohun tí ó ń wí.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Wọ́n máa ń wí pé ìdánwò yìí mú ìgbàgbọ́ Hinderer àti aya rẹ̀ dàgbà. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdàgbà tí ojú wa tó ni ti ìjọ tí wọ́n fi sílẹ̀. Dáníẹ́lì Olúbí, tí ó bá wọn wá láti Abẹ́òkúta gẹ́gẹ́ bí ọmọ ọ̀dọ̀, fara da ogun náà pẹ̀lú wọn. Nígbà tí wọ́n lọ pátápátá ní 1869, òun ni ìjọ Ìbàdàn bọ́ sí lọ́wọ́. A fi í jẹ díákónì ní 1871. Ní 1877 ogun mìíràn bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà sì tún dí. Ogun ọdún mẹ́rìndínlógún ni, kò sì sí ẹni tí ó la igbó wá gbé Olúbí lọ sí Èkó. Àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ tirẹ̀ wà láàrin ìwé C.M.S. ní Birmingham.