Ìwé Méjì àti Orin Kan fún Àkókò Ìsimi

Nígbàtí òjò bá ńrọ̀ ní oṣù Keje, tí ilé-ẹ̀kọ́ sì tì fún ìsimi ọlọ́jọ́ gígùn, ọmọ kọ̀ọ̀kan a di ẹrù rẹ̀, a sì kọjú sí ìlú baba rẹ̀. Nígbà náà ni àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi a máa bi mí pé: Ìwé wo ni kí a fi lé àwọn ọmọ wọ̀nyí lọ́wọ́, orin wo ni kí nwọ́n sì máa gbọ́? Mo fẹ́ dáhùn níhìnyí. Ìwé méjì ni mo yàn, àti orin ọkùnrin kan. Kì íṣe pé nwọn kò ní àbùkù ni mo ṣe yàn wọ́n. Àbùkù wọn pàápàá tó ohun tí a lè fi kọ́ ọmọ li ọgbọ́n.

Ìwé kìíní ni Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́. John Bunyan, oníwàásù tí a sọ sí ẹ̀wọ̀n nítorí ìwàásù rẹ̀, ni ó kọ ọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Apá kìíní rẹ̀ jáde li ọdún 1678. David Hinderer, ará Jámánì tí C.M.S. rán sí Ìbàdàn, ni ó sọ ọ́ di Yorùbá, a sì tẹ̀ ẹ́ li ọdún 1866. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí Yorùbá àwọn baba ìjọ ti ńrìn, kí ó kà á sókè, kí etí rẹ̀ lè gbọ́ ohun tí ojú ńrí. Ṣùgbọ́n ohun kan ńbẹ nínú rẹ̀ tí ó ti ńgún mi lọ́kàn láti ìgbà èwe mi: èrò náà fi ìka di etí, ó sì sá kúrò lọ́dọ̀ aya àti ọmọ. Mo mọ̀ pé àpèjúwe ni. Mo sì mọ̀ pé ní apá kejì, tí ó jáde li ọdún 1684, aya àti àwọn ọmọ náà dìde, nwọ́n tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Síbẹ̀ èrò náà kò padà wá ilé. Àwa Yorùbá a sì máa wípé àjò kì í dùn kí onílé má re ilé.

Ìwé kejì ni Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó, kọ, tí ilé ìtẹ̀wé C.M.S. sì tẹ̀ jáde li ọdún 1938. Ó yẹ kí nkọ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ mi. Nígbàtí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́, mo gba ìwé yìí lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan kí ó tó kà á tán, mo tì í mọ́ inú àpótí, mo ní ọmọ ìjọ kò gbọ́dọ̀ ka ìtàn iwin. Ọmọ náà lọ fún ìsimi láìsí ìwé. Li alẹ́ ọjọ́ kan mo ṣí àpótí náà láti wá ẹ̀bi sí ìwé ọ̀hún. Ilẹ̀ mọ́ bá mi lórí rẹ̀. Ẹni tí mo rò pé ó ńtan ọmọ lọ sínú igbó, oníwàásù ni!

Ẹ wò ó: ẹ̀ẹ̀mejì ni Àkàrà-oògùn wọ igbó náà gẹ́gẹ́ bí ọdẹ, fún ara rẹ̀. Ní ìgbà kẹta, ọba ni ó rán an, òun àti àwọn akọni ẹgbẹ́ rẹ̀, sí Òkè Láńgbòdó, kí nwọ́n lè mú ire wá fún ìlú. Níbẹ̀ ni Ìrágbèje ti kọ́ wọn li ẹ̀kọ́ fún ọjọ́ méje. Lẹ́hìn èyí ọdẹ náà padà wá ilé, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún akọ̀wé. Ibẹ̀ ni ìwé yìí gbé borí ti ìṣáájú li ojú mi.

Ṣùgbọ́n kí olùkọ́ má fi ojú fo Kàkò. Obìnrin tí ó rọ̀ mọ́ ọn pé kí ó má lọ, ó pa á, ó sì bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Bí ọmọ bá rẹ́rìn-ín níbẹ̀, kí a bi í pé: ire ìlú wo ni a fi ẹ̀jẹ̀ ará ilé rà? Ẹ̀kọ́ Ìrágbèje pẹ̀lú gùn. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ńfò ó láti wá ìjà tí ó kàn. Èmi tí ńwàásù li ọjọọjọ́ Ìsimi kò lè bá wọn wí púpọ̀.

Orin tí mo yàn ni ti Alúfà J. J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta (1855–1930). Li ọdún 1922, ní Lọ́ńdọ̀nù, ó kọ orin 43 sínú àwo fún ilé-iṣẹ́ Zonophone. A mọ ìyọnu tí ó wà nínú orin ìsìn wa: a mú ohùn tí a ṣe fún ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a sì há ọ̀rọ̀ Yorùbá mọ́ inú rẹ̀. Ọkọ ìyàwó, ọkọ̀ ojú omi, ọkọ́ àgbẹ̀, ohùn nìkan ni ó yà wọ́n. Bí orin bá gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti ńsọ̀kalẹ̀, ìjọ a máa kọ ohun tí kò sí li ọkàn wọn. Alúfà yìí jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ṣíwájú kí orin tẹ̀lé e. T. K. E. Phillips, tí ó tẹ dùrù ní Kàtídírà Christ Church ní Èkó láti 1914 di 1962, fi ìwé rẹ̀ lórí orin Yorùbá, tí ó jáde li ọdún 1953, tan ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀ràn yìí. Àwo àtijọ́ ni ti Alúfà náà. Ariwo ńhó lẹ́hìn ohùn rẹ̀. Kí ọmọ ṣe sùúrù títí etí rẹ̀ yíò fi mọ́ ọn.

Nígbàtí ọmọkùnrin tí mo wí padà dé, mo fi ìwé rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Ó ní òun ti sọ ìwọ̀n tí òun kà fún ìyá àgbà òun, tí kò mọ ìwé, li ẹ̀bá iná. Ìyá náà bèèrè pé, “Àwọn akọni náà ńkọ́, ṣé nwọ́n dé ilé?” Ọmọ náà kò mọ̀. Kí ó tó di ìsimi mìíràn, ìyá àgbà ti kú.

Nítorí náà, ẹ̀nyin olùkọ́, ẹ fún wọn ní ìwé lọ sílé. Ẹ̀nyin ọmọ, ẹ kà á sókè fún àwọn àgbà, ẹ kà á dé òpin.