Ẹ̀rù Tó Di Ìtàn

Òǹkọ̀wé tó lè fi ẹ̀rù ara rẹ̀ hun ìtàn, mo bọ̀wọ̀ fún un. Irú wọn ni D. O. Fágúnwà, tí wọ́n bí ní Òkè-Igbó ní 1903. Nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀, ìwé rẹ̀ ti 1938, ó sọ ẹ̀rù lórúkọ: Àgbákò, ẹ̀dá olójú mẹ́rìndínlógún. Ohun tó bá ti lórúkọ, a lè dojú kọ ọ́.

Ní Ìkọ̀tún níbí, ní Àlímọ̀ṣọ́, bí iná bá lọ lóru, tí ẹsẹ̀ ń dún lẹ́yìn géètì, àyà mi a já. Èmi náà kọ ẹ̀rù yẹn sínú ìtàn. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dún náà di bàbá tó ń wá ilé ọmọ rẹ̀.

Ẹ̀yin òǹkọ̀wé Àlímọ̀ṣọ́, ẹ má sá fún ẹ̀rù yín. Ẹ kọ ọ́.