New Orleans, Ìlú Tí Àlejò Kọ́

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí àṣà Amẹ́ríkà ṣe dáyé, New York ni wọ́n sábà máa ń júwe fún un, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti bẹ̀rẹ̀ sí í já àwọn ará Yúróòpù sí Ellis Island ní ọdún 1892. N kò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ohun tí ẹnu ń jẹ, tí etí ń gbọ́, tí ẹsẹ̀ ń jó sí là ń sọ, New Orleans ni èmi yóò darí irú ẹni bẹ́ẹ̀ sí. Ìsàlẹ̀ odò Mississippi ni ìlú yìí wà, ní ìpínlẹ̀ Louisiana, lórí ilẹ̀ ẹrẹ̀ tí omi yí ká, tí púpọ̀ nínú rẹ̀ rẹlẹ̀ ju ìtẹ́jú òkun lọ. Àwọn Choctaw àti àwọn onílẹ̀ mìíràn ti ń pàdé ṣòwò níbẹ̀ kí Bienville, tó ń ṣiṣẹ́ fún ìjọba Faransé, tó tẹ ìlú dó sí i ní ọdún 1718. Láti ìgbà náà, èrò kò dẹ́kun wíwọlé.

Ká má tan ara wa, kì í ṣe gbogbo wọn ló fi ẹsẹ̀ ara wọn wọlé. Ní ọdún 1719, nígbà tí ìlú náà kò tíì ju abúlé lọ, ni ọkọ̀ tó kọ́kọ́ kó ẹrú wá láti Áfíríkà gúnlẹ̀ sí Louisiana. Agbègbè Sẹ̀nẹ̀gà àti Gáḿbíà ni wọ́n ti kó èyí tó pọ̀ jù láyé ìjọba Faransé. Wọ́n kó àwọn mìíràn láti Kóńgò, wọ́n sì kó àwọn kan láti etíkun Dàhọ́mì. Àkọsílẹ̀ ìgbà náà dárúkọ àwọn Nàgó láàárín wọn, ìyẹn àwọn ènìyàn tiwa. Òfìfo lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n mọ̀ kò ṣeé gbà lọ́wọ́ wọn: bí a ṣe ń gbin ìrẹsì nínú ẹrẹ̀, bí a ṣe ń rọ irin, bí a ṣe ń gbẹ́ ìlù.

Àwọn ará Jámánì dé, wọ́n ń dáko lẹ́yìn odi ìlú. Àwọn Acadia tí Gẹ̀ẹ́sì lé kúrò ní Kánádà ní ọdún 1755 dé. Sípéènì gba ìlú náà lọ́wọ́ Faransé, àsìkò tiwọn sì ni iná ńlá méjì jó o, ní 1788 àti 1794. Ìdí nìyí tí àdúgbò tí gbogbo ayé mọ̀ sí àdúgbò Faransé fi kún fún ilé alágbàlá àti ògiri líle tí wọ́n kọ́ lábẹ́ ìjọba Sípéènì. Amẹ́ríkà ra ìlú náà pẹ̀lú gbogbo Louisiana ní 1803. Lẹ́yìn èyí ni àwọn ará Áílándì wá gbẹ́ ipadò láàárín ìlú, ibà pọ́njú sì pa ọ̀pọ̀ nínú wọn sẹ́nu iṣẹ́.

Èyí tó jọ mí lójú jù lọ nínú gbogbo wíwọlé yìí ni ti Háítì. Nígbà tí àwọn ẹrú erékùṣù náà dìde, tí wọ́n sì fi ogun gba òmìnira láàárín 1791 sí 1804, ọ̀pọ̀ ènìyàn sá lọ sí Kúbà. Ní 1809, Kúbà lé wọn. Láàárín oṣù díẹ̀, àwọn tó lé ní 9,000 ti já sí New Orleans, aláwọ̀ funfun, aláwọ̀ dúdú tó ti dòmìnira, àti ẹrú. Iye wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ìlú náà di ìlọ́po méjì. Àwọn wọ̀nyí, pàápàá àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú olómìnira, ló tan irú ilé kan ká tó ṣì kún ìlú náà dòní. Ojú ilé náà tín-ín-rín, ó kọ sí títì, fàràǹdá kékeré wà níwájú rẹ̀. Yàrá tẹ̀lé yàrá títí dé ẹ̀yìn, kò sí ọ̀nà àbùjá kankan. Ẹni tó bá ń lọ sí ilé ìdáná gbọ́dọ̀ gba inú yàrá gbogbo ará ilé kọjá. Ọ̀mọ̀wé John Michael Vlach tọ ipasẹ̀ ilé yìí láti New Orleans dé Háítì, ó sì tọ̀ ọ́ láti Háítì dé ilẹ̀ Yorùbá. Ó rí i pé ìwọ̀n yàrá ilé Háítì jọ ti ilé oníyàrá méjì àwọn baba wa. Ó yẹ kí gbogbo ọmọ Yorùbá tó ń kọ́ iṣẹ́ ilé yíyà mọ orúkọ ọ̀gbẹ́ni yìí.

Nínú ilé ìdáná irú ilé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń se gumbo, ọbẹ̀ tí kò sí ará Louisiana tí kò ní ọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ sè é á gbé ìkòkò tó nípọn kaná, á da òróró sí i, á da ìyẹ̀fun lé e, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Kò gbọ́dọ̀ kúrò nídìí rẹ̀. Ìyẹ̀fun náà á kọ́kọ́ funfun, á pọ́n díẹ̀díẹ̀, òórùn rẹ̀ á yí padà bí ẹ̀pà tí wọ́n ń yan, á wá di àwọ̀ ilẹ̀ pupa, àwọn mìíràn á tilẹ̀ rò ó títí á fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú. Bó bá jóná lójú kan péré, dídànù ni. Ọgbọ́n Faransé nìyẹn. Nígbà tó bá tó, wọn á da àlùbọ́sà, tàtàṣé tútù àti sélérì tí wọ́n ti gé wẹ́wẹ́ sí i lẹ́ẹ̀kan náà, ìkòkò á hó yèè. Ilá tó máa jẹ́ kó ki, Áfíríkà ló ti wá. Ẹni tí kò bá lo ilá á bu ewé igi sassafras tí wọ́n ti sá gbẹ, tí wọ́n sì lọ̀ kúnná sí i nígbẹ̀yìn, ohun tí àwọn obìnrin Choctaw ń gbé wá tà lọ́jà láti ayébáyé. Edé àti akàn ti inú omi ìlú náà wá. Adìẹ àti sọ́séèjì ti inú ilé. Orí ìrẹsì funfun ni wọ́n ń bu ú lé. Ẹni tó bá ti jẹ ilá alásèpọ̀ rí kò ní jókòó síwájú abọ́ yìí bí àjèjì.

Leah Chase ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní ọbabìnrin irú oúnjẹ yìí. Ilé oúnjẹ Dooky Chase, tí àwọn òbí ọkọ rẹ̀ ṣí ní 1941, ló ti ń dáná. Nígbà tí òfin Louisiana kò gbà kí dúdú àti funfun jọ jókòó jẹun, wọ́n ń jọ jẹun nílé tirẹ̀, àwọn tó ń jà fún ẹ̀tọ́ aláwọ̀ dúdú sì ń ṣèpàdé lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Lọ́jọ́bọ̀ tó ṣáájú Àjíǹde, gumbo ẹlẹ́fọ̀ọ́ ló máa ń sè, oríṣiríṣi ẹ̀fọ́ nínú ìkòkò kan. Ẹni ọdún 96 ni nígbà tó kú ní 2019, kò sì tíì fi ilé ìdáná sílẹ̀ nígbà náà.

Orin ìlú náà ní ìtàn tó le ju ti ọbẹ̀ lọ. South Carolina ti fi òfin de ìlù fún àwọn ẹrú láti 1740. Ní New Orleans, ọjọ́ Àìkú jẹ́ ọjọ́ ìsinmi fún ẹrú, wọ́n sì ń péjọ láti tajà, láti lùlù àti láti jó. Ní 1817, ìjọba ìlú pàṣẹ pé ojú kan ṣoṣo ni wọ́n ti lè ṣe é, ibẹ̀ sì ni Congo Square. Benjamin Latrobe, ayàwòrán ilé tó jẹ́ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, kọjá níbẹ̀ ní 1819, ó sì kọ ohun tó rí sílẹ̀: agbo lóríṣiríṣi, onílù tó jókòó gẹṣin lórí ìlù, àti ohun èlò olókùn kan tó gbà pé Áfíríkà ni wọ́n ti gbé e wá. Inú ọgbà tí wọ́n fi orúkọ olórin Louis Armstrong sọ ni ibẹ̀ wà báyìí.

Orin jáàsì kò jáde tààrà láti Congo Square. Ọ̀pọ̀ nǹkan ló ṣẹlẹ̀ láàárín. Àwọn Creole aláwọ̀ dúdú tí baba wọn jẹ́ olómìnira ti kọ́ orin kíkà lọ́dọ̀ àwọn olùkọ́ tó mọ orin Yúróòpù. Àwọn ọmọ ẹrú tó ń gbé lápá òkè ìlú kò ka ìwé orin. Etí ni wọ́n fi ń gbọ́ ọ, wọ́n sì ń fi ohun ṣọ́ọ̀ṣì àti ohun oko sí i. Àwọn méjèèjì kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe pọ̀. Homer Plessy, tó jẹ́ Creole, wọ rélùwéè àwọn aláwọ̀ funfun ní 1892 láti dán òfin wò. Ní 1896, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dá a lẹ́bi, ìpinnu yẹn sì fìyà jẹ aláwọ̀ dúdú fún ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún. Òfin kan náà tó ń ya dúdú kúrò lára funfun ló ti Creole mọ́ àwọn ará òkè ìlú. Wọ́n jọ ń wá iṣẹ́ orin kan náà, wọ́n jọ ń jókòó nínú ẹgbẹ́ kan náà. Jelly Roll Morton, ọ̀kan nínú àwọn Creole wọ̀nyí, sọ pé bí kò bá sí èròjà àwọn elédè Sípéènì nínú orin náà, adùn rẹ̀ kò tíì pé. Ó dùn mí pé kì í ṣe àwọn tó dá a sílẹ̀ ló kọ́kọ́ gbà á sínú rẹ́kọ́ọ̀dù. Àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ funfun ló ṣe é ní 1917, ọmọ àwọn ará Sicily tó wá ṣàtìpó, Nick LaRocca, sì ni aṣáájú wọn. Wọ́n mọ orin náà fọn lóòótọ́. Síbẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀ ni wọ́n, wọn kì í ṣe ìyá rẹ̀.

Louis Armstrong, tí wọ́n bí ní 1901, dàgbà nínú ìṣẹ́. Nígbà tó wà ní kékeré, ó bá ìdílé Karnofsky ṣiṣẹ́, àwọn Júù tó wá láti Lithuania. Wọ́n ń fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ra àkísà àti àlòkù ìgò kiri, wọ́n sì ń ta èédú. Orí kẹ̀kẹ́ yìí ni ọmọ náà ti ń fọn fèrè páńda kan láti fi pe oníbàárà. Wọ́n máa ń fún un ní oúnjẹ alẹ́, ó sì máa ń bá wọn kọ orin tí ìyá ilé náà fi ń rẹ ọmọ rẹ̀ sùn. Nígbà tó rí kọ́nẹ́ẹ̀tì tó wù ú ní ṣọ́ọ̀bù olówó ẹ̀yáwó, wọ́n bá a wá owó rẹ̀. Ní 1969, lórí ibùsùn ilé ìwòsàn ní New York, ó kọ gbogbo èyí sílẹ̀ láti fi dúpẹ́, ọ̀pọ̀ ọdún ló sì fi wọ ìràwọ̀ Dáfídì sọ́rùn. Ọkùnrin yìí náà ló wá sí Nàìjíríà ní 1960, ọdún òmìnira wa, tó wá fọn fèrè fún àwọn tó ṣeé ṣe kí baba ńlá wọn bá tirẹ̀ tan.

Yorùbá tó bá rí ìsìnkú olórin ní New Orleans kò ní nílò alágbàwí. Àwọn ilé iṣẹ́ ìbánigbófò kì í fẹ́ rí aláwọ̀ dúdú sójú nígbà kan, nítorí náà àwọn aláwọ̀ dúdú dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, wọ́n ń dá owó tó máa san ti dókítà àti ti posí. Ẹgbẹ́ ló ń pe onífèrè. Bí wọ́n ti ń gbé òkú lọ, orin ìjọ tó fà ni wọ́n ń fọn, ẹsẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ti yọ̀ǹda òkú, onílù á lù kíkankíkan, fèrè á gbà á, gbogbo àdúgbò á tú síta tẹ̀lé ẹbí pẹ̀lú agboòrùn àti áńkáṣíìfù funfun tí wọ́n ń jù lókè. Fèrè idẹ jẹ́ ti àwọn ológun Yúróòpù, orin náà ti ṣọ́ọ̀ṣì Pùròtẹ́sítáǹtì wá, ijó náà sì jẹ́ ti ẹni tó mọ̀ pé òkú àgbà kì í ṣe òkú ẹkún nìkan.

Àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan tún wà tí wọ́n ń fi ọdún gbáko rán aṣọ ìlẹ̀kẹ̀ àti ìyẹ́, ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú abẹ́rẹ́ àti òwú, láti wọ̀ bí àwọn onílẹ̀ Amẹ́ríkà lọ́jọ́ Mardi Gras, ọjọ́ àríyá tó ṣáájú ààwẹ̀ Lẹ́ńtì. Wọ́n ní àwọn ń bọlá fún àwọn tó gba ẹrú tó sá sílé. Allison “Tootie” Montana, olóyè ńlá wọn tó kú ní 2005, rán irú aṣọ yìí fún ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún. Wọ́n tún máa ń jáde lálẹ́ ọjọ́ 19 oṣù Kẹta, ọjọ́ Jósẹ́fù Mímọ́, ọjọ́ tí àwọn ará Sicily ń to búrẹ́dì àti èso sórí pẹpẹ. Àwọn ará Sicily kan náà ni èrò ìlú yìí ya bò ní 1891, tí wọ́n sì pa mọ́kànlá nínú wọn lọ́jọ́ kan. Ibi tí a ti ń yin ìlú yìí, ká rántí ìyẹn pẹ̀lú.

Lẹ́yìn tí Saigon ṣubú ní 1975, àwọn ọmọ Vietnam tó jẹ́ ọmọ ìjọ Àgùdà dé sí ìlà oòrùn ìlú náà. Ojú ọjọ́ rẹ̀ kò ṣàjèjì sí wọn. Wọ́n ń pẹja edé, wọ́n ń gbin ẹ̀fọ́ sẹ́bàá omi. Nígbà tí ìjì Katrina ba ìlú jẹ́ ní 2005, wọ́n wà lára àwọn tó kọ́kọ́ padà sílé. Ìjọba ṣí ààtàn sítòsí wọn ní ọdún tó tẹ̀ lé e láti kó ìdọ̀tí ìjì náà sí. Wọ́n fi ẹ̀hónú hàn títí wọ́n fi tì í pa. Àwọn ọmọ Mẹ́síkò àti Honduras náà ya wọ̀lú láti tún òrùlé kàn. Ní 2008, ìlú yan Joseph Cao, tó kúrò ní Vietnam ní ọmọ ọdún mẹ́jọ, sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà, ọmọ Vietnam àkọ́kọ́ tó dé ibẹ̀.

Ní àdúgbò wọn ni ilé búrẹ́dì Dong Phuong wà, tí ìdílé kan ṣí ní 1982. Búrẹ́dì gígùn tí wọ́n ń ṣe, àwọn Faransé ló gbé e dé Vietnam. Lẹ́yìn Katrina ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àkàrà òyìnbó ọlọ́ba, èyí tí àwọn ará ìlú ń jẹ lásìkò Mardi Gras, tí wọ́n ń fi ọmọláńgidi kékeré kan pamọ́ sínú rẹ̀. Tiwọn ni àwọn ọmọ bíbí New Orleans ń tò fún báyìí láti òwúrọ̀ kùtù. Ní 2018, àjọ James Beard fún ilé búrẹ́dì náà ní àmì ẹ̀yẹ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn ilé oúnjẹ tó jẹ́ ojúlówó ti Amẹ́ríkà.