Táàbù Ẹlẹ́tà Mẹ́jọ

Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn káàkiri àgbáyé ló ti dá sí kóòdù Linux, síbẹ̀ ẹni tó bá ṣí fáìlì rẹ̀ lè rò pé ọwọ́ kan ṣoṣo ló kọ ọ́. Ìlànà ìkọ̀wé tí Linus Torvalds, ẹni tó dá Linux sílẹ̀, fi lélẹ̀ wà lára ohun tó fà á.

Táàbù ni wọ́n fi ń ti ìlà wọnú, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì fẹ̀ tó lẹ́tà mẹ́jọ. Àwọn kan ń ráhùn pé ó ti fẹ̀ jù, pé ó ń ti kóòdù lọ sápá ọ̀tún. Ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n wà! Bí ìpele táàbù bá ti ju mẹ́ta lọ, ìlànà náà ní kí ẹni tó kọ ọ́ lọ tún iṣẹ́ rẹ̀ tò. Ojú tó ti rẹ̀ pàápàá á ṣì rí ibi tí "if" kan ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí.

Bákan náà, "switch", ọ̀rọ̀ tí kóòdù fi ń yan ọ̀nà kan láàárín púpọ̀, àti "case" tó ń tọ́ka sí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan kì í jìnnà síra: ọ̀gangan kan náà ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, kí ìpele kan má baà ṣòfò.

Irinṣẹ́ kékeré kan, checkpatch.pl, ló ń tọ́ka sí ibi tí wọ́n ti fi ààyè lásán rọ́pò táàbù. Àwọn olùyẹ̀wò á wá ráyè béèrè ohun tó ṣòro: ṣé wọ́n dá mẹ́mórì padà, ṣé wọ́n sì ṣí ohun tí wọ́n tì?