Koríko Olúmokò: Àwọn Ẹ̀dá-Ìtàn inú Ọmọ Olókùn Ẹṣin

Bí a bá dárúkọ ìtàn àròsọ tó dá lórí kíkọ ìjọba àjèjì, òyìnbó ni ọkàn ọ̀pọ̀ nínú wa yóò kọ́kọ́ sáré lọ bá. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ rí nínú Ọmọ Olókùn Ẹṣin, ìwé tí Adébáyọ̀ Fálétí tẹ̀ jáde ní 1969. Àwọn ará Òkè-Ògùn ni wọ́n ń jà níbẹ̀, Olúmokò tó ń jọba lé wọn lórí sì ń sọ èdè kan náà pẹ̀lú wọn. Ibi tí iṣẹ́ òǹkọ̀wé ti le jù nìyí. Àwọ̀ ara kò lè jẹ́rìí, èdè kò lè jẹ́rìí. Àwọn ẹ̀dá-ìtàn náà ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi orí ara wọn ronú títí yóò fi yé wọn pé àjèjì ni ẹni tó ń pàṣẹ fún wọn.

Koríko ni ó dá wàhálà sílẹ̀. Láyé àtijọ́, bẹẹrẹ ni wọ́n fi ń bo òrùlé ààfin ní Ọ̀yọ́, ọdọọdún sì ni àwọn ìlú abẹ́ rẹ̀ ń rù ú lọ. Ẹni tó bá mọ ọ̀dàn tó tẹ́ rẹrẹ láti Ìsẹ́yìn dé Ṣakí, tó sì yà sí apá Ìwéré-Ilé, mọ̀ pé koríko kì í ṣe wúrà níbẹ̀. Ilẹ̀ ń hù ú, iná ń jó o. Nítorí náà, nígbà tí Àjàyí kọ̀ láti pa bẹẹrẹ fún Olúmokò, kò sí ẹni tó lè pè é ní ahun. Ọba tó gba owó ẹyọ lọ́wọ́ mi lè sọ pé owó ni òun ń wá. Ọba tó ní kí n wá pa koríko tí ẹrú rẹ̀ lè pa lẹ́yìn odi ìlú rẹ̀, ẹ̀yìn mi tó tẹ̀ ni ó fẹ́ rí.

Mo rò pé a máa ń kánjú kọjá orúkọ ìwé náà pàápàá. Olókùn Ẹṣin jẹ́ oyè ààfin, ọ̀kan nínú àwọn oyè tí ẹni tó bá jẹ wọ́n máa ń bá ọba kú láyé àtijọ́. Oyè yìí ni ó wà nídìí ọ̀ràn tó ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀yọ́ lẹ́yìn tí Aláàfin Ládigbòlù wàjà ní 1944, èyí tí Dúró Ládiípọ̀ fi ṣe Ọba Wàjà, tí Wọlé Ṣóyínká náà sì fi kọ eré tirẹ̀ ní 1975. Nínú eré méjèèjì, ọmọ ni ó kú nígbà tí bàbá kò rí ikú kú. Ọmọ Olókùn Ẹṣin ti Fálétí kò bá ọba kankan lọ. Koríko lásán ni wọ́n ní kó pa, ó ní òun kò pa á.

Ohun tí mo kà sí pàtàkì jù ni ọgbọ́n ìsọ̀tàn rẹ̀. Fálétí kò fi ìtàn náà sí ẹnu ẹnì kan. Àjàyí sọ tirẹ̀, Ìbíwùmí sọ tirẹ̀, Àyọ̀wí náà sọ tirẹ̀. Ká ní Àjàyí nìkan ni ó ń sọ̀rọ̀ ni, akíkanjú tó ń ròyìn ara rẹ̀ ni à bá rí, kò sì sí ohun tó ń tètè súni bí irú wọn. (Àwọn ọdẹ mọ èyí, wọ́n ń fi í sílẹ̀ fún oníjàálá láti bá wọn sọ ọ́.)

Ìtàn Ìwéré-Ilé ni ó jẹ́ kí n mọ iyì ọgbọ́n yìí. Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson parí ní 1897, tí a tẹ̀ ní 1921, ìlú ìyá Aláàfin Ajàgbó ni Ìwéré, Ajàgbó yìí kan náà tó dá oyè Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò sílẹ̀. Ó fi Aláàfin tó bá gbógun ti ìlú náà gégùn-ún. Ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún, Aláàfin Aólẹ̀ rán Kakaǹfò Àfọ̀njá lọ síbẹ̀, nítorí pé Ìwéré ṣòro kó, ìṣubú Àfọ̀njá ni ọba sì ń wá. Àwọn ìjòyè àti àwọn ọmọ-ogun yí padà sí ọba. Wọ́n fi igbá òfìfo ránṣẹ́ sí i. Aólẹ̀ ta ọfà, ó gégùn-ún, ó sì kú. Gbogbo wa la mọ ègún náà. Ṣùgbọ́n kí ni ará Ìwéré kan sọ lọ́jọ́ tí ogun dúró lẹ́yìn odi rẹ̀? Ìtàn ààfin kò bi í. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni Fálétí fún ní ẹnu.

Síbẹ̀, mo ní ẹjọ́ kan. Apá kan ni àwọn aṣòtàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà. Ohun tí Olúmokò ń rò, ẹnu ọ̀tá rẹ̀ la ti ń gbọ́ ọ. Fálétí kì í ṣe ẹni tí kò mọ bí a ti í fi ọ̀rọ̀ sí aninilára lẹ́nu. Ẹni tó bá ka eré rẹ̀, Baṣọ̀run Gáà, tí a tẹ̀ ní 1972, yóò jẹ́rìí sí i. Ẹjọ́ mi kò ṣẹ̀yìn ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Òkè-Ògùn ní oṣù kẹwàá ọdún 1916, nígbà tí Ìsẹ́yìn àti Òkèhò dìde sí ìjọba tí òyìnbó ń tipasẹ̀ Aláàfin ṣe. Àwọn ará Òkèhò pa Onjo Olúkìtìbí. Ọba tiwọn ni, kì í ṣe ará Ọ̀yọ́, kì í ṣe òyìnbó. Lọ́dún 1917, a kó ìlú náà kúrò láàrin òkè wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀. Nínú irú ogun bẹ́ẹ̀, inú agbo ilé kan náà ni ààlà àjèjì àti ọmọ ilé gbà kọjá. Ẹni tó bá fẹ́ fi í kọ ìtàn àròsọ lè yá ọgbọ́n Fálétí lò, ṣùgbọ́n aṣòtàn mẹ́ta kò ní í tó o. Yóò ní láti wá àyè fún Onjo náà, kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ń rò bí ariwo ṣe ń sún mọ́ ààfin.