Àlọ́ Tí Kò Rí Ègbè: Nígbà Tí Doctor Who Wọ Èkó

Ní ọjọ́ 10 oṣù Karùn-ún ọdún 2025, Doctor Who, eré àròsọ onísáyẹ́ǹsì tí BBC ti ń ṣe láti 1963, gbé ìtàn rẹ̀ wá sí Èkó. "The Story & the Engine" ni orúkọ ìpín náà. Inua Ellams, akéwì tí wọ́n bí sí Jos, ló kọ ọ́. Òun náà ló kọ Barber Shop Chronicles ní 2017, eré orí ìtàgé tó rin ìsọ̀ onígbàjámọ̀ láti London dé Èkó, Accra àti Harare.

Ẹ gbọ́ bó ṣe lọ. Dókítà (Ncuti Gatwa ló ṣe é) lọ kí Omo ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń gẹrun. Àṣé àjèjì kan ti gba ṣọ́ọ̀bù, ó sì ti há àwọn oníbàárà mọ́lé. Bó bá ti ń gẹrun wọn ni wọ́n á máa sọ ìtàn. Irun á tún hù, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Ìtàn yẹn ni epo ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀yìn aláǹtakùn ńlá kan sì ni gbogbo ṣọ́ọ̀bù náà wà.

Ariwo pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn kan ní kò sí èyí tó dára tó o lọ́dún náà. Inú ọ̀pọ̀ dùn pé Jo Martin yọjú. Àwọn mìíràn fajú ro: idán lèyí, sáyẹ́ǹsì dà?

Àwa tí a ń kọ kóòdù jẹun kò bá wọn fajú ro. Ohun tó ń sọ àròsọ di ti sáyẹ́ǹsì ni kí òfin rẹ̀ má yẹ̀. Òfin ti ìpín yìí kò yẹ̀: ìtàn wọlé, agbára jáde. Nígbà tí Dókítà wá fún ẹ̀rọ náà ní ìtàn ayé tirẹ̀, ti ẹni tó ń kú tó sì ń tún ayé wá láìlópin, ẹ̀rọ kò rí i gbé mì. Lúùpù tí kò níbi ìdúró ni. Ta ni nínú wa tí irú ẹ̀ ò tíì pa kọ̀ǹpútà rẹ̀ rí?

Ti irun ńkọ́? Abena, ọmọ Anansi, di máàpù ọ̀nà àbáyọ sórí Dókítà. Rore kò jìnnà sí Ẹ̀sìẹ́, níbi tí ère òkúta tó lé ní 1,000 wà, nínú mùsíọ́ọ̀mù tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1945, àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ẹ wo orí wọn: irun dídì lóríṣiríṣi, tí a gbẹ́ fínnífínní. A kò mọ ẹni tó gbẹ́ wọn, ṣùgbọ́n irun wọn ṣì ń sọ̀rọ̀. Irun tó ń gbé ọ̀rọ̀ kì í ṣe idán lọ́dọ̀ wa.

Ibi tó dùn wá jù ni ti Omo. Dókítà sọ pé láti ìgbà tí òun ti gbé àwọ̀ dúdú wọ̀, ojú tí wọ́n fi ń wo òun níbòmíràn ti yàtọ̀. Ní ìsọ̀ yìí, ọmọ ilé ni òun. Ibẹ̀ gan-an ló sì há sí, ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì wà níbẹ̀.

A ní ẹjọ́ kékeré kan: àlọ́ Anansi, ti àwọn Akan, gba gbogbo àyè ní ṣọ́ọ̀bù Èkó. Àpótí ìjókòó kan ò lè sí fún Ìjàpá ni?

Ẹjọ́ ńlá nìyí. Apàlọ́ kì í dá pàlọ́. Á ní "Àlọ́ o!", a ó dáhùn "Àlọ̀!", bí orin bá dé, gbogbo wa la jọ ń gbè é. Ẹ̀ṣẹ̀ onígbàjámọ̀ yẹn ni pé ó gba ìtàn lọ́wọ́ ènìyàn láìsí ègbè. Abẹ kì í sì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀: BBC ló gbé ìpín náà jáde ní Gẹ̀ẹ́sì-lándì, Disney+ ló gbé e lọ sí ìyókù ayé, Disney+ kò sì sí ní Nàìjíríà. Fọ́nrán ìṣẹ́jú kan, méjì, lórí fóònù ni ọ̀pọ̀ wa fi mọ̀ pé Èkó wà nínú ẹ̀. Wọ́n pa àlọ́ Èkó, ará òkè òkun ló dáhùn.

Ìpín yìí dára, a ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń yọ̀ pé ilẹ̀ wa ti dé ojú amóhùnmáwòrán, kó bi ara rẹ̀ pé ta ló wà nílé tó gbọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rí i, ẹ bá wa sọ ọ́, ní Yorùbá, kí ègbè lè bẹ̀rẹ̀.